Inú tó ń run ọmọ láràárọ̀ iléèwé: bẹ́ ẹ ṣe máa wá ìdí ẹ̀ tẹ́ ẹ sì máa ràn án lọ́wọ́

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ ọmọ pírámárì tó máa ń ní inú ń run òun láràárọ̀ ni mo fẹ́ ká sọ. Kò ní ibà, kò bì, lálẹ́ àná ó jẹun ó sì ṣeré dáadáa, àmọ́ bí ilẹ̀ Mọ́ńdè bá ti mọ́ báyìí tẹ́ ẹ ní kó lọ wẹ̀, ó ti fọwọ́ di ikùn mú, omijé ti kún ojú ẹ̀, "Mọ́mì, mi ò fẹ́ lọ iléèwé lónìí." Tẹ́ ẹ bá ní kó dúró sílé, kó tó di aago mẹ́wàá ara ẹ̀ ti yá, ó ti ń sáré kiri inú ilé. Tó bá tún di Sátidé, kò sóhun tó ṣe é. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń bínú nìyẹn, a ó ní ọmọ yìí ń purọ́ ni, ọ̀lẹ ni, a ó pariwo mọ́ ọn, àwọn mìíràn á tiẹ̀ nà án.

Kì í ṣe irọ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án kì í sábà lè la ẹnu kó ní "nǹkan báyìí ló ń bà mí lẹ́rù", ara ẹ̀ ló máa ń bá a sọ ọ́. Iṣẹ́ tiwa ni ká wádìí ohun tí ara yẹn ń sọ, ká fi tó tíṣà létí, ká sì mú ọmọ padà wọ kíláàsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí jíjókòó sílé náà kì í wo ẹ̀rù yẹn sàn, ṣe ló máa ń jẹ́ kó le sí i. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé.

1. Ẹ gbà á gbọ́, kẹ́ ẹ sì yẹ ara ẹ̀ wò

Tí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ọpọlọ á ní kí ara tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á ya kúrò níbi ikùn lọ sí apá àti ẹsẹ̀ kéèyàn lè rí agbára sá, ìfun á ká jọ, inú á sì máa runni lóòótọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ rántí bí inú ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Tẹ́ ẹ bá wá ń sọ fún ọmọ pé "kò sóhun tó ń ṣe ẹ́", nígbà tó jẹ́ pé ó ń dùn ún, ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ni pé kò sídìí láti sọ tinú òun fún yín.

Ẹ kàn sọ pé, "Mo ti gbọ́, inú ń run ẹ́, pẹ̀lẹ́. Jẹ́ ká jọ wo ohun tá a máa ṣe sí i." Ó tán. Ẹ ò tíì ní kó dúró sílé, ẹ ò sì tíì pè é ní òpùrọ́.

Kẹ́ ẹ tó wá máa wo ti ẹ̀rù, ẹ mú un lọ rí dọ́kítà lẹ́ẹ̀kan, kó dá yín lójú pé kì í ṣe àìsàn. Ẹ má sì fi falẹ̀ rárá tẹ́ ẹ bá rí àwọn nǹkan yìí: ibà, èébì tí ò dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, inú rírun tó ń jí i lójú oorun láàárín òru, èyí tó ti dorí kọ ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún tó sì ń le sí i, ìtọ̀ tó ń ta á, tàbí kí ọmọ máa rù. Àwọn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iléèwé, ọsibítù ni.

2. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹ lè fi ìwé kékeré kan ṣe é, ẹ sì lè kọ ọ́ sínú fóònù, kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọjọ́ wo ni, aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀, aago mélòó ló lọ, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe níléèwé lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó sùn dáadáa lálẹ́, ṣé ó yàgbẹ́. Nǹkan tẹ́ ẹ máa rí á jọ báyìí:

"Túsìdeè: inú ń run ún láti aago mẹ́fà àbọ̀. Wọ́n máa kàwé sókè lónìí. Wẹ́sìdeè: kò sunkún rárá, wọ́n ní yíyàwòrán. Tọ́sìdeè: inú tún ń run ún, ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá òun ni wọ́n máa pè kó wá kàwé."

Ṣé ẹ rí i? Ọmọ yìí ò sọ pé ìwé kíkà lójú gbogbo kíláàsì ló ń kó o láyà sókè, àmọ́ ìwé yín ti sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé Mọ́ńdè nìkan ni, tàbí ìgbà tí ìsinmi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fífi ilé sílẹ̀ ló ń nira. Tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni, tó sì tún ń ṣẹlẹ̀ tó bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì iléèwé, ẹ wo inú bọ́ọ̀sì yẹn dáadáa.

3. Ẹ bi í léèrè, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e jókòó bí ẹlẹ́jọ́

"Kí ló ń ṣe ẹ́? Sọ fún mi! Ta ló nà ẹ́?" Tẹ́ ẹ bá da ìbéèrè bò ó báyẹn, "kò sí" lẹ máa gbọ́. Ọmọ máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tójú ò bá kojú, tẹ́ ẹ bá jọ ń rìn lọ, tẹ́ ẹ jọ ń fọ abọ́, tàbí tó ti dùbúlẹ̀ tí iná ti kú. Ẹ máa sọ díẹ̀, kẹ́ ẹ máa dákẹ́ púpọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an torí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ fún un ní pépà ńlá, ẹ ní kó ya iléèwé ẹ̀ fún yín: géètì, kíláàsì, pápá tí wọ́n ti ń ṣeré, ibi tí wọ́n ti ń jẹun, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ọ́fíìsì, ojú ọ̀nà tó ń gbà wálé. Kò pọn dandan kó dára. Tó bá yà á tán, ẹ fún un ní pẹ́ńsù aláwọ̀ mẹ́ta, kó kun ibi tínú ẹ̀ ti máa ń dùn láwọ̀ ewé, ibi tó kàn wà bẹ́ẹ̀ ní yẹ́lò, ibi tí kò bá fẹ́ dé ní pupa. Ẹ má sọ nǹkan kan bó ṣe ń kùn ún. Tó bá ti parí, ẹ nàka sí ibi pupa, ẹ ní, "Sọ ti ibí yìí fún mi." Ọmọ tó ti ń ní "kò sí, kò sí" láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lè fi pupa kun tọ́ílẹ́ẹ̀tì títí pépà á fi fẹ́ẹ̀ ya. Ìyẹn ti tó.

Tó bá sọ ọ́, ẹ má fò dìde kẹ́ ẹ ní ẹ ń lọ bá ẹnì kan jà. Ẹ ní, "O ṣé tó o sọ fún mi. Ó dáa bó o ṣe sọ ọ́." Ojú yín ló ń wò láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ ju agbára yín lọ.

4. Ẹ wo ibi tọ́rọ̀ wà

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí àwọn òbí kì í ronú kàn án. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì iléèwé lè máa rùn, ilẹ̀kùn ẹ̀ lè má tì, àwọn ọmọ ńlá lè máa yọjú wò ó, tàbí kí tíṣà máa sọ pé "dúró dìgbà tí wọ́n bá lu aago". Ọmọ á wá pinnu pé òun ò ní yà títí òun á fi délé. Bó bá ń há ìgbẹ́ mọ́nú lójoojúmọ́ báyẹn, ìgbẹ́ á gbẹ, á le, tó bá fẹ́ jáde á máa dùn ún, á wá há a mọ́ra sí i torí ó ń dùn ún. Tó bá pẹ́, omi ìgbẹ́ á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ èyí tó le yẹn jáde sínú pátá, àwọn èèyàn á rò pé ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe é tàbí pé ó ń ṣe ìmẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ kò tiẹ̀ mọ̀gbà tó jáde. Àwọn mìíràn ò ní mu omi látàárọ̀ kí wọ́n má bàa tọ̀, orí á máa fọ́ wọn lọ́sàn-án, ìtọ̀ tí wọ́n sì ń há mọ́ra yẹn lè fa kòkòrò sí ọ̀nà ìtọ̀ wọn.

Tó bá jẹ́ èyí ni tiyín, ẹ jẹ́ kó máa jókòó lórí tọ́ílẹ́ẹ̀tì nílé fún bí ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́, ẹ gbé àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kí orúnkún ẹ̀ lè gbé sókè, ó máa ń jẹ́ kó rọrùn. Kó máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́, kó máa mu omi. Ẹ wọ ṣòkòtò tó ní rọ́bà fún un, kì í ṣe èyí tó ní bẹ́líìtì tó máa pẹ́ kó tó tú. Ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa nu ìdí ẹ̀ fúnra ẹ̀, kó ṣe é nílé kẹ́ ẹ rí i pé ó mọ̀ ọ́n. Kẹ́ ẹ sì bẹ tíṣà pé kó jẹ́ kó máa jáde láìjẹ́ pé ó na ọwọ́ sókè lójú gbogbo èèyàn, wọ́n lè ní àmì kan láàárín ara wọn. Tí ìgbẹ́ bá ti le jù tàbí tó ti ń yọ́ sí pátá, dọ́kítà ló máa fún un ní oògùn, ẹ má fún un lóògùn ìgbẹ́ àwọn àgbàlagbà.

Ojú àti etí ló tẹ̀ lé e. Ọmọ tí ò rí ojú pátákó kì í mọ̀ pé òun ò rí i, ó rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń rí i nìyẹn. Ẹ wò ó bóyá ó máa ń fún ojú pọ̀, bóyá ó máa ń sún mọ́ TV jù, bóyá orí máa ń fọ́ ọ lẹ́yìn iléèwé, bóyá ìwé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló máa ń wò kọ. Ti etí, lẹ́yìn ọ̀fìnkìn omi lè dúró sẹ́yìn ìlù etí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ohùn á máa dún bíi pé ó ń tọ̀nà jíjìn bọ̀, tíṣà á ní "ọmọ yìí kì í gbọ́rọ̀ sí wa lẹ́nu", bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ni. Ẹ lọ yẹ méjèèjì wò, kò le, ó sì lè jẹ́ pé gíláàsì ojú ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ìwé kíkà náà. Àwọn ọmọ kan wà tí ọpọlọ wọn pé, tí wọ́n gbọ́n, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà ò tètè ń dúró lójú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní dyslexia. Irú ọmọ yìí lè ka ọ̀rọ̀ kan lójú ewé yìí, kó má dá a mọ̀ mọ́ lójú ewé kejì. Kì í ṣe olódo, kò sì ya ọ̀lẹ, ìyà tó ń jẹ kó tó parí ìlà kan pọ̀ ju ti àwọn tó kù lọ. Ẹ sọ fún iléèwé pé kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ wò ó, kí wọ́n sì yéé pè é síta kó wá kàwé lójijì.

Ilé náà lè jẹ́ ìdí o. Ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òkú tó kú nínú ẹbí, òbí méjì tó ń bára wọn jà lálẹ́, ilé tuntun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ, ọmọ lè máa bẹ̀rù pé tí òun bá lọ iléèwé, nǹkan á ṣẹlẹ̀ sí màmá òun lẹ́yìn òun. Àwọn ọmọ kékeré tún máa ń rò pé ẹ̀bi àwọn ni. Ẹ sọ òótọ́ fún un ní ṣókí: "Èmi àti Dádì ń jà, ọ̀rọ̀ àgbà ni, kì í ṣe ìwọ lo fà á, àwa méjèèjì la ó máa tọ́jú ẹ."

Tó bá wá jẹ́ tíṣà ló ń nà wọ́n tàbí tó ń bú wọn, ẹ má mú u ní kékeré. Ọmọ tó ń gbọ̀n ò lè kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀, tí kò bá yí padà ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé.

5. Tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ mìíràn ló ń fìyà jẹ ẹ́

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀. Ọ̀rẹ́ méjì tó jà lórí bọ́ọ̀lù tí wọ́n tún parí ẹ̀ lọ́la, ìjà ọmọdé nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹnì kan náà tàbí ẹgbẹ́ kan náà ló ń ṣe é léraléra, tí wọ́n sì lágbára jù ú lọ, bóyá wọ́n dàgbà jù ú, wọ́n pọ̀ jù ú tàbí àwọn ni gbogbo èèyàn ń tẹ̀ lé, ìyàjẹ ni. Kì í ṣe lílù nìkan: pípe ọmọ lórúkọ tí ò fẹ́, lílé e kúrò nínú eré, gbígba oúnjẹ ẹ̀, fífi àwòrán ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ máa wo aṣọ tó ń ya ṣáá, pẹ́ńsù tó ń sọnù lójoojúmọ́, ọmọ tó ń bọ̀ wálé tébi ń pa á bí ẹni tí ò jẹun ọ̀sán.

"Tó bá gbá ẹ, gbá a padà." Mo mọ̀ pé ìyẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Ẹ má sọ ọ́. Ọmọ tó kéré jù ló ń lọ jẹ ìyà méjì, tó bá sì jàjà gbá a padà, òun ni tíṣà máa rí. Ẹ kọ́ ọ ní àwọn nǹkan yìí, kẹ́ ẹ fi ṣeré nílé, ẹ̀yin ṣe ẹni tó ń dà á láàmú: kó dúró ṣánṣán, kó wo ojú, kó ní "Fi mí sílẹ̀, mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀" lóhùn tó ròkè, kó kúrò níbẹ̀, kó lọ bá àgbà. Ẹ jọ mú orúkọ àgbà méjì níléèwé tó lè lọ bá, torí ọ̀kan lè má sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé òfófó kọ́ nìyẹn, ẹni tó ń pe àgbà kí wọ́n má bàa ṣe òun tàbí ẹlòmíì léṣe ò ṣe nǹkan burúkú.

Ẹ̀yin náà, ẹ má lọ ká òbí ọmọ kejì mọ́ géètì. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ ẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ síléèwé. Nǹkan mìíràn tó máa ń ṣiṣẹ́ ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ ni ọ̀rẹ́ ẹyọ kan péré. Ẹ bi tíṣà pé ta ni ọmọ yìí máa ń bá ṣe dáadáa, kẹ́ ẹ pè é wá ṣeré nílé lópin ọ̀sẹ̀. Ọmọ tó ní ẹnì kan tó máa jókòó tì nígbà oúnjẹ ò ní dá wà níbi tí wọ́n ti lè rí i mú. Tí iléèwé bá sì pè yín pé ọmọ tiyín ló ń fìyà jẹ àwọn tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbèjà ẹ̀, torí òun náà nílò ìrànlọ́wọ́.

6. Ẹ lọ bá tíṣà

Ẹ má ṣe é láàárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì tí ọmọ ọgbọ̀n ń pariwo lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ sí i pé ẹ fẹ́ rí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn iléèwé. Ẹ mú ìwé tẹ́ ẹ ti ń kọ dání. Bẹ́ ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ló máa sọ bó ṣe máa parí, torí náà ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ẹ káàsán ma, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá wa lóhùn. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan inú ti ń run ọmọ yìí tó bá ti fẹ́ wá, dọ́kítà sì ní kò sí àìsàn kankan. Ó jọ pé ìwé kíkà sókè ló ń bà á lẹ́rù. Kí lẹ̀yin ń rí nínú kíláàsì?"

Kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́. Tíṣà lè sọ pé ara ẹ̀ máa ń balẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá ti lọ, ìyẹn fúnra ẹ̀ á fọkàn yín balẹ̀. Ó tún lè jẹ́ pé ó ti rí nǹkan tẹ́ ẹ̀yin ò mọ̀. Ẹ jọ fẹnu kò sórí nǹkan méjì péré tẹ́ ẹ máa gbìyànjú, ẹ má to mẹ́wàá kalẹ̀, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ tún máa jọ wò ó.

Ẹ̀yin tíṣà tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, nǹkan kékeré lẹ lè ṣe tó máa ṣe gudugudu méje. Ẹ pe ọmọ yẹn lórúkọ tó bá wọlé, ẹ fún un níṣẹ́ kan láàárọ̀ bíi kó pín ìwé tàbí kó nu pátákó, ọmọ tó ní iṣẹ́ kì í ráyè dúró sẹ́nu ọ̀nà kó máa sunkún. Ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sára pátákó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kàwé, ẹ fún un ní ìpínrọ̀ kan lọ́jọ́ tó ṣáájú kó lọ kà á sílé. Kẹ́ ẹ sì sọ fún òbí nígbà tí nǹkan bá dáa, kì í ṣe ìgbà tó bá bàjẹ́ nìkan.

7. Alẹ́ ló ń tún àárọ̀ ṣe

Àwọn onímọ̀ nípa oorun ní American Academy of Sleep Medicine ní ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Ẹ ṣírò ẹ̀: tó bá máa jí laago mẹ́fà, ó yẹ kó ti sùn lọ kó tó di aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́jọ ló sì dáa jù fáwọn kékeré. Ẹ gba fóònù àti TV kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ ní wákàtí kan kó tó sùn, kí fóònù má sùn nínú yàrá ẹ̀. Ẹ jọ to yúnífọ́ọ̀mù, bàtà, ìbọ̀sẹ̀ àti bàágì kalẹ̀ lálẹ́, torí ìbọ̀sẹ̀ kan tó sọnù láàárọ̀ tó láti da gbogbo ilé rú.

Láàárọ̀, ẹ jẹ́ kó tètè jí kẹ́ ẹ má bàa máa fi ìkánjú lé e. Kó jẹ nǹkan díẹ̀, kódà tó bá ní inú ń run òun, torí ebi náà máa ń run inú. Tí àyà ẹ̀ bá ń já, ẹ jókòó tì í, kó fa èémí símú kẹ́ ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó wá rọra fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu títí dórí àrún, bí ẹni ń fẹ́ oúnjẹ gbígbóná. Ẹ ṣe é bíi lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ fi kọ́ ọ lọ́jọ́ tí ara ẹ̀ balẹ̀, torí ọmọ tó ń ké lọ́wọ́ ò lè kọ́ nǹkan tuntun.

Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu géètì, kí ìdágbére kúrú. Dìmọ́ ọn, ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́, ó parí: "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣeré ọ̀sán màá wá mú ẹ." Ẹ sọ ìgbà tó lè fojú inú wò, torí "láìpẹ́" ò sọ nǹkan kan fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ má yọ́ lọ nígbà tí kò wò yín, tẹ́ ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan kò ní jẹ́ kí ojú ẹ̀ kúrò lára yín mọ́. Ẹ má sì padà wá tẹ́ ẹ bá gbọ́ ẹkún ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun òbí dọ́kàn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá padà, ó ti mọ̀ pé ẹkún ló ń mú yín padà, ọ̀la á le ju tòní lọ. Ẹ sì máa tètè dé tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú un.

8. Ẹ má jẹ́ kí ilé dùn ju iléèwé lọ lọ́jọ́ iléèwé

Tó bá ṣàìsàn lóòótọ́, kó sinmi. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ọjọ́ àìsàn: bẹ́ẹ̀dì, ìwé, omi, kò sí géèmù, kò sí TV dọ̀sán.

Tó bá ti pẹ́ tó ti jókòó sílé, bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má sọ pé lọ́la lọ́la ló máa lo odindi ọjọ́ níbẹ̀. Ẹ bá iléèwé sọ ọ́ kẹ́ ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ẹ mú un rìn yí iléèwé ká nírọ̀lẹ́ tí kò séèyàn. Lọ́jọ́ kejì kó wọ kíláàsì kó bá tíṣà sọ̀rọ̀ kó tó padà. Kó wá dúró fún ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù, lẹ́yìn ìyẹn títí dìgbà oúnjẹ, lẹ́yìn ìyẹn títí dópin. Tí ibì kan bá nira, ẹ dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i, àmọ́ ẹ má padà síbi jíjókòó sílé. Ohun ìwúrí ni kó jẹ́ fún un bó ṣe ń gùn ún, ẹ yìn ín fún ìgboyà ẹ̀: "Ẹ̀rù bà ẹ́, o sì tún wọlé. Mo rí i."

9. Lẹ́yìn iléèwé

Ọmọ ti ń kó ara ẹ̀ níjàánu látàárọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ló máa tú gbogbo ẹ̀ dà sí, á máa bínú sí nǹkan tí ò tó nǹkan. Ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ jẹ́ kó sinmi, ìbéèrè ṣì lè dúró. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ bi í, "Báwo ni iléèwé?" á mú "ó dáa" wá. Ẹ bi í pé, "Ta lo bá ṣeré lónìí? Kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Kí ló le jù?"

Kó ṣeré gan-an o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò ó kéré tán 60 ìṣẹ́jú eré tó ń mú èèmí sáré lójúmọ́, àdéhùn Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 1989 náà sì kọ ìsinmi àti eré sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ọmọ, ó wà ní abala 31. Torí náà ẹ má fi gbígba eré lọ́wọ́ ẹ̀ ṣe ìyà ìgbà gbogbo. Ti họ́ọ̀mùwọ́ọ̀kì, tó bá ti lo àkókò tó yẹ tí omijé ti ń já sórí ìwé, ẹ pa ìwé dé, kẹ́ ẹ kọ ọ́ fún tíṣà pé ibi tó lè ṣe é dé nìyí.

10. Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ pe ẹlòmíì

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí fún bí oṣù kan tí kò yí padà, tàbí tí ọmọ ò jẹun, tí kò rẹ́rìn-ín mọ́, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn tó ti fi sílẹ̀, tí kò fẹ́ rí àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, ẹ bá dọ́kítà sọ ọ́ kó júwe yín sí ẹni tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti ìrònú ọmọdé. Kì í ṣe pé ọmọ yín ya wèrè, bí ẹni ń lọ tọ́jú eyín ni. Tó bá sì la ẹnu pé ó wu òun kí òun kú, tàbí pé òun fẹ́ ṣe ara òun léṣe, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ wá ìrànlọ́wọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ nìkan.

Tó bá sọ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, tàbí pé àgbà kan ní kó má sọ nǹkan fún yín, ẹ fara balẹ̀ bó ti wù kí inú yín máa ru tó. "Mo gbà ẹ́ gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ." Ẹ má da ìbéèrè bò ó, ẹ má lọ ko ẹni yẹn lójú, ẹ gbà á kúrò níbi tẹ́ni yẹn ti lè rí i, kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí àwọn tó ń dáàbò bo ọmọdé àti ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀, ẹ má sì wẹ̀ fún un kí dọ́kítà tó rí i.

Ohun kan tó kù ni pé inú rírun yìí lè padà wá lẹ́yìn ìsinmi gígùn, tàbí tó bá bọ́ sí kíláàsì tuntun. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe ti ṣòfò. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó wọlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí dá aago oorun ẹ̀ padà, ẹ lọ fi kíláàsì tuntun hàn án tó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kó rí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún tíṣà tuntun nípa ohun tó ràn án lọ́wọ́ ní kíláàsì tó ti kúrò.